Ta Ni Tíṣà Kíláàsì Àwọn Àgbà Wa?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, sọ níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Bàrígà

   

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ó sì fún mi ní ogún ìṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ń retí ni kí n sọ pé ká dín iyọ̀ kù, ká máa rìn, ká yé jẹun lóru. Gbogbo ẹ̀ ló dára, ẹ sì ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà. Tònìí yàtọ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn tí àìsàn ti bá wọn gbélé ná: àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, làkúrègbé, ojú tí kò ríran dáadáa mọ́, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ tí ara ò le. Wọ́n ń rí dókítà o. Kódà wọ́n rí ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí yóò kó gbogbo ìtọ́jú náà jọ sójú kan ni wọn ò ní.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Nígbà tí à ń wọ ṣòkòtò péńpé níwájú yín, ẹ̀yin gan-an ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Lónìí àwa ọmọ yín ti hu ewú. Kí la ó wá sọ nípa tiyín?

RÍPỌ́Ọ̀TÙ KÁÀDÌ

Ẹ jẹ́ ká rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ìwé. Olùkọ́ ìṣirò mọ ohun tí o gbà nínú ìṣirò. Olùkọ́ jọ́gíráfì mọ tiẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá mọ tiẹ̀. Kò sí èyí tó mọ ti ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n bí táàmù bá parí, tíṣà kíláàsì á kó gbogbo máàkì jọ sórí ìwé kan ṣoṣo. Á kọ iye ọjọ́ tí o kò wá. Á kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé á sì fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni bàbá rẹ yóò rí, tí yóò fi mọ̀ pé ọmọ tó ń gba ọgọ́rin nínú ìṣirò ń gba ogún nínú gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo olùkọ́ yòókù ló ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ, àmọ́ láìsí tíṣà kíláàsì, kò sẹ́ni tó mọ ọmọ náà délẹ̀délẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká mú ìyá àgbà kan, ẹni ọdún 74, tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àdúgbò Jagunmólú níhìn-ín. Àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọsibítù kan ló ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀tọ̀ ni ibi tó ti ń gba ti àtọ̀gbẹ. Ti orúnkún tó ń ro ó, kẹ́mísìtì ìsàlẹ̀ ilé ló ń bá a wá nǹkan sí i. Ojú wà níbòmíràn. Àgbo sì ń bẹ nínú ìgò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Káàdì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ, dánfó bọ̀, ìlà láti ìdájí. Ta ni tíṣà kíláàsì ìyá yìí?

BÍ OÒGÙN ṢE Ń BÍ OÒGÙN

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó lè ṣẹlẹ̀, nítorí a máa ń rò pé àìkáàkiri ìtọ́jú kò ju ìnira ọ̀nà lọ. Ó jù bẹ́ẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí wọ́n ń pè ní amlodipine. Oògùn tó dára ni, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lò ó. Àmọ́ ó máa ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn wú. Ìyá lọ síbòmíràn, wọ́n rí ẹsẹ̀ tó wú, wọn ò mọ̀ pé oògùn ló fà á, wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ni tọ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru láti lọ tọ̀. Iná ò sí. Ilé ìwẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó yẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí dá. Gbogbo ilé á ní ọjọ́ orí ló fà á. Ṣé ẹ rí i pé orí oògùn àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Diclofenac, ibuprofen àti Feldene tí à ń rà fún orúnkún, wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì lè pa kíndìnrín lára, àgàgà bí ẹni náà bá ń lo lisinopril pẹ̀lú oògùn tó ń mú ni tọ̀. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó rí i pé ó ga, kò sì mọ̀ nípa diclofenac. Kí ló máa ṣe? Á fi oògùn kún oògùn. Kò jẹ̀bi, ohun tó rí ló ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ẹ̀kẹta, àtọ̀gbẹ. Glibenclamide jẹ́ oògùn olówó pọ́ọ́kú, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lára àgbàlagbà, pàápàá ẹni tó ń gbààwẹ̀ tàbí tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ara á máa gbọ̀n, òógùn á bo ẹni náà, á máa sọ kántankàntan. Àwọn ará ilé á ní arán ti dé, tàbí pé ayé ti ń ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn báyìí ni ìyá ń lò, ẹni tó bá sáré dé ibẹ̀ á mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wò.

OÒGÙN KAN, ORÚKỌ MẸ́TA

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tiyín rèé. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, ẹ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Owó oògùn ti gun òkè àjà. Láti ọdún 2023 tí ilé iṣẹ́ GSK ti kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà, àwọn oògùn kan tó jẹ́ tiwọn di ọ̀wọ́n gógó. Nítorí náà, ẹ ń fi oògùn ránṣẹ́. Ó dáa. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀.

Amlodipine tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà ní Norvasc. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n mọ̀ ọ́n sí Istin. Bí ọmọ tó wà ní Houston bá fi ọ̀kan ránṣẹ́, tí èyí tó wà ní Peckham fi èkejì ránṣẹ́, tí ọsibítù níhìn-ín sì kọ ẹ̀kẹta fún ìyá, ìyá á lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ọpẹ́. Oògùn kan náà ni! Bẹ́ẹ̀ náà ni Panadol ti wa àti Tylenol ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń pa wọ́n pọ̀ lè lo ohun tó ju agbára ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ló ń pàṣẹ lórí fóònù. Ẹni tó ń bá ìyá tò lórí ìlà láti aago márùn-ún ìdájí, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó mọ̀ pé kò sùn lánàá, òun ni wọn kì í bi léèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nítòsí ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta ìyá lẹ́sẹ̀.

ỌMỌ ỌWỌ́ NÍ KÁÀDÌ

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà níbí, ta ni kò mọ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára? Bí o bá bímọ ní Bàrígà, tí o kó lọ sí Abẹ́òkúta, nọ́ọ̀sì tí kò rí ọ rí á ṣí káàdì yẹn, á mọ èyí tí ọmọ ti gbà àti èyí tó kù. Kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè méjì.

Ọ̀kan nínú àwọn tó jà fitafita kí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lè dé àdúgbò ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé, tó di mínísítà ìlera ní 1985. Ètò rẹ̀ ni pé kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́ńtà ìlera àdúgbò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí èyí tó bá ju agbára wọn lọ gba lẹ́tà lọ sí ọsibítù ìpínlẹ̀, kí èyí tó le jù lọ sí ọsibítù ńlá ti fásitì, kí aláìsàn sì padà sí sẹ́ńtà àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú ìròyìn ohun tí wọ́n ṣe. Ó kú ní 2003, àmọ́ àkàbà tó là sílẹ̀ kò tíì wó. Ohun tó kù ni pé ìyá àti ọmọ ni a fi àkàbà náà ṣe jù. Ọmọ ọwọ́ ní káàdì, ìyá rẹ̀ àgbà kò ní. Àgbàlagbà wa máa ń fò látorí ilẹ̀ sórí òkè àkàbà, láti kẹ́mísìtì lọ tààrà sí ọsibítù ńlá, nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́.

ÀWỌN TÓ TI ṢE É

Ẹ má rò pé àlá ni mò ń lá. Ní Árò, Abẹ́òkúta, ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn tí orí wọn kò pé ní ọ̀nà tó yàtọ̀. Dípò kó tì wọ́n mọ́lé, ó ní kí mọ̀lẹ́bí kan bá aláìsàn wá, kí wọ́n jọ máa gbé ní abúlé tó yí ọsibítù ká, kí aláìsàn máa wá gba ìtọ́jú kó sì padà sílé. Òye tó wà nínú rẹ̀ ni pé ará ilé kì í ṣe àlejò níbi ìtọ́jú, apá kan ìtọ́jú ni.

Ní Ìbàdàn, láàárín 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn àgbà tó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ, ẹni ọdún 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Ìwádìí náà wà lára ohun tó jẹ́ kí a rí ọ̀rọ̀ àgbà gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń kà tí a sì ń wọ̀n. Ní November 2012, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè ní UCH, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni ọgọ́ta ọdún sókè ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Àgbà ni wọ́n kọ́lé náà fún, kò sí pé ó ń bá ọ̀dọ́ du ìlà.

Ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ará Ṣáínà tó ń gbé ibẹ̀ kò fẹ́ kó àwọn òbí wọn lọ sí ilé arúgbó. Wọ́n dá ibì kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní On Lok. Bọ́ọ̀sì á wá gbé àgbà láàárọ̀, á jẹun níbẹ̀, á rí dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń na ẹsẹ̀ fún un, gbogbo wọn á jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, á sì padà sùn sórí ibùsùn tirẹ̀ lálẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ló wá wo ohun tí wọ́n ṣe ládùúgbò wọn, tó sì sọ ọ́ di ètò tó kárí orílẹ̀-èdè. Àdúgbò ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìjọba ló tẹ̀ lé e. Bàrígà náà àdúgbò ni.

Òfin wà nílẹ̀ wa náà. Òfin 2017 dá ibùdó àwọn àgbà sílẹ̀ ní Àbújá. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní in. Èkó ní tirẹ̀, Ìlera Èkó, gómìnà sì pàṣẹ ní 2024 pé kó di dandan. Àmọ́ òfin kò lè gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà. Èèyàn ló ń kan ilẹ̀kùn.

OHUN TÍ ÀWỌN KAN MÁA SỌ

Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé iṣẹ́ ọmọ nìyẹn, kò kan ẹgbẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ mélòó ló kù nílé? Àwọn olùkọ́ wa kan wà tí gbogbo ọmọ wọn ti kọjá òkun. Àwa tí wọ́n fi ẹgba tọ́, ọmọ wọn náà ni wá.

Ẹlòmíràn á ní a kì í gbé àìsàn ẹni sọ́jà. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àgbà lè máà fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àná mọ̀ pé òun ń tọ̀ sára. Nítorí náà, ìwé tí mo fẹ́ dábàá, ọwọ́ àgbà fúnra rẹ̀ ló máa wà. Òun ló máa sọ ẹni tó lè ṣí i. Ẹgbẹ́ kò ní kà á, kò sì ní kọ orúkọ àìsàn ẹnikẹ́ni sínú ìwé ìpàdé. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́, a ó kí i, a ó máa lọ.

Ẹlòmíràn á sì ní Ọlọ́run ni olùwòsàn. Àmín. Ẹni tó bá gbàdúrà tán, kó kọ orúkọ oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Alága wa, àkókò mi ti ń lọ. Nǹkan márùn-ún ni mo gbé síwájú ilé.

Èkíní, ìwé kan. Kí a tẹ ìwé pélébé kan tí yóò wọ àpò. Orúkọ àìsàn, orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ sọ ọ́ nìkan, iye tí à ń lò àti ìgbà tí à ń lò ó, oògùn tí ara kọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà pẹ̀lú ọjọ́ tí a wọ̀n wọ́n, orúkọ àwọn dókítà, nọ́ńbà ẹni tí a ó pè. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wà ní 140/90 tàbí tó ga jù bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a lè rí i lójú ìwé kan náà. Ní 2023, àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ẹni bílíọ̀nù 1.3 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru láyé, àti pé nǹkan bíi mẹ́rin nínú márùn-ún wọn ni kò rí ìtọ́jú tó tó. A ò lè wo ayé sàn, a lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tíṣà wa.

Èkejì, ẹnì kan. Àgbà kọ̀ọ̀kan yóò mú ẹnì kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ tíṣà kíláàsì rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọmọ, àbúrò, tàbí ọ̀kan nínú wa tó ń gbé nítòsí. Kò pọn dandan kó mọ iṣẹ́ ìṣègùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bá a lọ sí ọsibítù, kó mú ìwé náà dání, kó ní kí dókítà kọ nǹkan sínú rẹ̀, kó sì pe àwọn ọmọ òkè òkun lẹ́ẹ̀kan náà kí gbogbo wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹ̀kẹta, àpò kan. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí àgbà da gbogbo oògùn ilé sínú àpò kan, ti ọsibítù, ti kẹ́mísìtì, ti Houston, ti Peckham, àti àgbo pẹ̀lú, kó gbé e lọ bá apòògùn tàbí dókítà kan. Kí wọ́n yọ ohun tó jọra, kí wọ́n yọ ohun tó ti dàgbà jù. Ẹ má fi àgbo pamọ́ o. Dókítà tí a kò sọ fún kò lè mọ̀. Ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ mi dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó dá a dúró.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá dá àgbà sílẹ̀ ní ọsibítù, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ léwu. Wọ́n ti yí oògùn padà, ti àtijọ́ ṣì wà nílé, ó rẹ ẹni náà, kò rántí ohun tí wọ́n sọ. Kí ẹnì kan dé ilé rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Kí ìgbìmọ̀ pín wa sí àdúgbò: Bàrígà, Akọ́kà, Ṣómólú, Gbágadà, Pedro, Ilàjẹ.

Ẹ̀karùn-ún, owó. Ẹgbẹ́ wa mọ òkú sin. Bí olùkọ́ wa kan bá kú, aṣọ ẹgbẹ́ á jáde, màlúù á wólẹ̀, a ó kọ ọ̀rọ̀ tó dùn létí sínú ìwé ètò ìsìnkú. Kò burú. Àmọ́ kí a yọ díẹ̀ nínú owó yẹn nígbà tí ojú wọn ṣì ń ṣẹ́, kí a fi forúkọ àwọn olùkọ́ wa sílẹ̀ lábẹ́ Ìlera Èkó. Kí a béèrè dáadáa ohun tó sanwó fún àti ohun tí kò sanwó fún, kí a sì mọ èyí tí ẹgbẹ́ lè fi kún un.

Àìsí àgbà nílé, ìlú bàjẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ni ẹ kó máàkì wa jọ, tí ẹ kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wa sọnù láàárín ogójì ọmọ. Ó tó àkókò kí àwa náà pe orúkọ yín ní ìdájí, ká gbọ́ kí ẹ dáhùn pé ẹ wà níbẹ̀. Bí ilé bá fọwọ́ sí i, àwọn tó fẹ́ jẹ́ tíṣà kíláàsì, kí wọ́n kọ orúkọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kí a tó jẹun. Mo mọ̀ pé bí ìrẹsì bá ti dé, ọ̀rọ̀ tán.